Ẹ̀sùn Mẹ́fà Lórí Frederick Philipse

Ọkùnrin tí a fẹ́ fẹ̀sùn kàn yìí ti kú láti ọdún 1702. Frederick Philipse lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Bolsward ní agbègbè Friesland, ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe fún Ilé-iṣẹ́ West India ti àwọn ará Nẹ́dálándì nígbà tó dé New Amsterdam, ìlú tí gbogbo ayé ń pè ní New York lónìí, lásìkò tí Peter Stuyvesant ń ṣe gómìnà ibẹ̀. Nígbà tí yóò fi kú, ó ti ní ọkọ̀ òkun, ó ti ní ilé ọlọ, ó ti ní afárá tí ará ìlú kò lè gbà kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti ní ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 52,000 éékà lẹ́bàá odò Hudson.

Àwọn tó ń pọ́n ọn lé máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ìtàn òṣìṣẹ́ aláápọn, káfíńtà tó fi òógùn ojú di ọlọ́lá. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní 1662, ó fẹ́ Margaret Hardenbroek, opó oníṣòwò kan, tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ òwò ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, tó sì ní ọkọ̀ òkun tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní 1664, Philipse kò fi falẹ̀ kó tó búra fún ọba tuntun. Ní 1674, nígbà tí wọ́n ṣírò ohun ìní àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú, 80,000 gúlídà ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó tó o.

A kò fẹ̀sùn kàn án pé ó lówó. Ohun tí a ń sọ ni pé ọrọ̀ náà àti ìwà ibi rẹ̀ kì í ṣe nǹkan méjì. Àwọn ọdún tí wọ́n fi ń yìn ín gan-an ni ọdún tí a fi ń bá a wíjọ́: ọwọ́ kan náà ló ń kọ́ ilé ìjọsìn, ọwọ́ yẹn náà ló ń sanwó ẹrú, ọdún kan náà ni ọba fún un ní ìwé àṣẹ, ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́ṣà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí ni adájọ́. Òkú kò lè wá rojọ́, nítorí náà ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àti ohun tí àwọn tó bá a ṣòwò búra sí ni a ó máa tọ́ka sí.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní: Ó fi ènìyàn ṣe ọjà

Ní 1679, ọkùnrin onígbàgbọ́ kan, Jasper Danckaerts, wọ Charles, ọkọ̀ Philipse àti ìyàwó rẹ̀, láti Amsterdam sí New York. Margaret wà nínú ọkọ̀ náà. Nínú ìwé tí Danckaerts kọ nípa ìrìn àjò yẹn, ó ráhùn gidigidi nípa ahun obìnrin náà. Mọ́ọ̀pù kan bọ́ sínú òkun. Margaret ní àfi kí ọkọ̀ dúró. Wọ́n sọ ọkọ̀ kékeré sílẹ̀ sórí omi tó ń ru, àwọn atukọ̀ fi ẹ̀mí wọn wewu, wọ́n lọ mú mọ́ọ̀pù tí iye rẹ̀ kò ju kọ́bọ̀ mélòó kan lọ. Bí ìdílé yìí ṣe ń ṣọ́ ẹrù wọn nìyẹn. Ohunkóhun tó bá ti ní iye lórí kò gbọ́dọ̀ ṣòfò.

Ní 1685, ọkọ̀ Philipse tó ń jẹ́ Charles lọ sí Soyo, níbi tí odò Kóńgò ti wọ òkun. Ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ ni wọ́n rà níbẹ̀. Wọ́n kó wọn gba orí Àtìláńtíìkì. Àwọn kan kú sójú omi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè é ni wọ́n tà ní Barbados fún àwọn olóko ìrèké. Mẹ́sàn-án ni wọ́n kó bọ̀ wá sí àríwá, ṣùgbọ́n wọn kò gbé wọn wọ èbúté New York. Rye ni wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí, níbi tí ojú kò pọ̀ sí, kí wọ́n tó mú wọn lọ sí ilé ọlọ ọ̀gá wọn lẹ́bàá odò Pocantico.

Iṣẹ́ tó ń dúró de irú wọn níbẹ̀ ni dídí odò, kíkọ́ ilé, lílọ àlìkámà àti dída ìyẹ̀fun sínú àgbá. Ibi tí ìyẹ̀fun náà ń lọ ló yẹ kí adájọ́ ṣàkíyèsí. Àwọn erékùṣù Karíbíà ti fi gbogbo ilẹ̀ wọn gbin ìrèké, wọ́n sì ń ra oúnjẹ láti òkèèrè. Ẹrú tó wà ní New York ń lọ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń bọ́ oko tí ẹrú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kú sí ní Barbados, ọkọ̀ tó gbé ìyẹ̀fun lọ á sì gbé ṣúgà, ọtí ráàmù àti ẹrú mìíràn bọ̀. Philipse ń jèrè nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ó tún ń jèrè nígbà tó bá ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n fi ń yìn ín ní ọdún 1685 yẹn. Ó kọ́ ilé ìjọsìn kan sẹ́bàá ilé ọlọ náà. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, ní Sleepy Hollow. Nẹ́dálándì ni wọ́n ti rọ agogo rẹ̀, ọdún 1685 ló sì wà lára agogo náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n mú láti inú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù, níbi tí Àpọ́sítélì ti ń bèèrè pé, bí Ọlọ́run bá wà lẹ́yìn wa, ta ló kù tó lè dojú kọ wá. Àwọn ìjòyè Soyo ti ń gba ìrìbọmi láti 1491, ìran mélòó kan ṣáájú kí wọ́n tó bí Philipse. Kò jẹ́ ìyàlẹ́nu bí àwọn kan nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yẹn bá ti ń pe orúkọ Jésù kí ẹni tó rà wọ́n tó kọ́ ilé fún un.

Ẹ̀sùn kejì: Ó bá àwọn ọlọ́ṣà òkun dòwò

Nígbà ayé Philipse, ilé-iṣẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Royal African Company, ló ní àṣẹ lórí òwò ẹrú ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ná ọjà ọ̀hún. Àwọn oníṣòwò New York bá wá ọ̀nà mìíràn lọ sí Madagásíkà, níbi tí àṣẹ náà kò dé, tí ẹrú kò sì wọ́n. Nítòsí Madagásíkà ni erékùṣù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní St. Mary. Ibẹ̀ ni àwọn ajalèlókun ti ń sinmi lẹ́yìn tí wọ́n bá ja ọkọ̀ Íńdíà àti ti àwọn Mùsùlùmí tó ń lọ sí Mẹ́kà lólè. Adam Baldridge, tí òun pàápàá ti jẹ́ ajalèlókun rí, ló ní ìsọ̀ àti odi níbẹ̀. Ẹni tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí i ni Frederick Philipse.

Ohun tí Baldridge fúnra rẹ̀ búra sí ní 1699 ni a fẹ́ fi síwájú adájọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1693, ọkọ̀ Charles tí Philipse ni gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ka ẹrù inú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ: bàtà 44, ìbọ̀sẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò, fìlà 12, irin iṣẹ́ káfíńtà, àgbá ọtí ráàmù márùn-ún, wáìnì Madeira, àpótí ọtí líle mẹ́wàá, ìkòkò irin kéékèèké méjì, àgbá ẹ̀tù ìbọn ńlá mẹ́ta, ayùn, òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n irin, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀, irúgbìn fún ọgbà. Ó tún ka ìwé kátíkísìmù, ìwé ábídí àti Bíbélì méjì. Ohun tí Baldridge dá padà fún un ni owó fàdákà 1,100, ọ̀pá irin 57, màlúù 15 àti ẹrú 34.

Ẹ tún ìwé yẹn kà dáadáa. Ẹ̀tù ìbọn wà nínú rẹ̀, oníṣòwò náà sì mọ irú ẹni tó fẹ́ rà á àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Owó fàdákà tí Baldridge fi san án, ọwọ́ àwọn ọlọ́ṣà ló ti wá. Bíbélì àti ẹ̀tù jọ wọ ọkọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ ní erékùṣù kan ṣoṣo. Àwọn ènìyàn 34 ni wọ́n kà mọ́ màlúù àti irin.

Bóyá ẹnìkan á ní aṣojú ló ṣe èyí, pé ọ̀gá tó wà ní New York kò mọ̀. Lẹ́tà tí ọ̀gá náà kọ ní 1695 wà nílẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tí Baldridge fi ránṣẹ́, torí pé ẹrú inú rẹ̀ kéré lójú rẹ̀. Ó là á mọ́lẹ̀ fún aṣojú rẹ̀ pé lára ẹrú ni òun ti ń rí èrè òun tó pọ̀ jù, pé ọjà yòókù, jàǹtírẹrẹ lásán ni lójú òun. Ọ̀tá rẹ̀ kọ́ ló kọ ọ́ mọ́ ọn. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, láìsí ẹni tó fi ipá mú un.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Bí kò bá sí ẹni tó ń kó ọtí, ẹ̀tù àti aṣọ wá ra ohun tí wọ́n jí, àwọn ọlọ́ṣà yẹn ì bá má lè jókòó pẹ́ sí St. Mary. Ní 1697, àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ dìde, wọ́n kọlu ìsọ̀ náà, wọ́n sì pa àwọn aláwọ̀ funfun kan. Gómìnà Bellomont ti New York jábọ̀ pé ohun tó fà á ni pé Baldridge tan àwọn ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé wọ inú ọkọ̀, ó sì tà wọ́n fún àwọn Faransé. Ọmọ ilé tó gba àlejò náà ni àlejò tà. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà láti New York pé ẹrú kéré kò lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹta: Ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin, ó sì ń ṣe fàyàwọ́

Bí Philipse bá jẹ́ oníṣòwò lásán, a lè sọ pé torí òfin ọba ń ni ín lára ni ó fi ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ ìgbìmọ̀ gómìnà ni, fún nǹkan bí ogún ọdún. Òun náà wà lára àwọn tó ń dá gómìnà nímọ̀ràn lórí owó orí ẹrù, lórí ọkọ̀ tó ń wọlé, lórí ẹni tí wọn yóò mú àti ẹni tí wọn yóò fi sílẹ̀. Benjamin Fletcher, tó ṣe gómìnà láti 1692 sí 1698, kò fi bò pé òun kò kórìíra àwọn ajalèlókun. Ó gba ọ̀kan nínú wọn, Thomas Tew, lálejò, ó sì bá a jẹun. Lábẹ́ irú gómìnà bẹ́ẹ̀ ni ọjà fàyàwọ́ Philipse ti gbilẹ̀.

Fletcher lọ, Bellomont dé ní 1698, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù wò. Ẹ gbọ́ ohun tí ìdílé Philipse ṣe lọ́dún yẹn. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti Madagásíkà, ẹrú wà nínú rẹ̀, ọjà Íńdíà tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà sì wà nínú rẹ̀. Adolph, ọmọ Philipse, wọ ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Frederick, ó ní Virginia ni òun ń lọ. Kò lọ sí Virginia. Ó lọ dúró de ọkọ̀ Madagásíkà yẹn lójú òkun, wọ́n sì kó ọjà Íńdíà láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá náà wọ New York, ẹrú nìkan ni àwọn aṣọ́bodè bá nínú rẹ̀, nítorí pé òfin kò ka ẹrú sí ẹ̀ṣẹ̀. Frederick ní tirẹ̀ yí orí padà, ó la òkun kọjá lọ sí Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti bà á: aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà nílùú náà gbọ́, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ àti ẹrù.

Ẹni tí ohun tó ń ṣe dá lójú kò ní fi ọkọ̀ pamọ́ sójú òkun de ọkọ̀. Bàbá àti ọmọ mọ òfin, wọ́n mọ ibi tí òfin ń wò, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Philipse kúrò nínú ìgbìmọ̀ gómìnà nítorí òwò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọlọ́ṣà. Ìjìyà tó rí gbà nìyẹn. Wọn kò fi í sẹ́wọ̀n, ilẹ̀ rẹ̀ kò dín ní éékà kan.

Ẹ̀sùn kẹrin: Ó kó ilẹ̀ jọ, ó sì sọ olóko di ayálégbé

Ilẹ̀ tí Philipse ní bẹ̀rẹ̀ láti odò Spuyten Duyvil ní àríwá Manhattan títí dé odò Croton, láàárín odò Hudson àti odò Bronx. Ní 1672 ni òun àti àwọn méjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ra apá gúúsù rẹ̀, ilẹ̀ tó ti jẹ́ ti Adriaen van der Donck, agbẹjọ́rò ará Nẹ́dálándì. Nígbà tó yá, ó ra ìpín àwọn méjèèjì. Èyí tó kù ló rà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Weckquaesgeek àti àwọn ará wọn, tí wọ́n ti ń gbé létí odò náà láti ayébáyé.

Yóò ní òun sanwó, ìwé sì wà. A gbà pé ó san aṣọ, ìbọn, ìkòkò àti ọtí. Ìbéèrè tó kàn ni irú àwọn ènìyàn tí ó rà á lọ́wọ́ wọn àti àsìkò tó rà á. Ní 1643, Kieft, gómìnà àwọn ará Nẹ́dálándì, ti rán ọmọ ogun lọ pa àwọn Weckquaesgeek lóru ní Pavonia, níbi tí wọ́n sá wá fún ààbò. Àrùn ìgbóná tí àwọn ará Yúróòpù gbé dé sì ti pa púpọ̀ nínú àwọn tó kù. Philipse kọ́ ló pa wọ́n ní 1643. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àjẹkù ìran kan, tí kò ní ọmọ ogun mọ́, tí kò sì ní ilé ẹjọ́ tí yóò gbọ́ tirẹ̀, kò lè sọ pé ọjà tí àwọn méjì tó dọ́gba jọ ná ni òun ná.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1693, Fletcher fún un ní ìwé àṣẹ ní orúkọ Ọba William àti Ayaba Mary. Gbogbo ilẹ̀ náà di ẹyọ kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Philipsburg Manor. Ẹ rántí ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1693 ní St. Mary. Lọ́jọ́ tí gómìnà ń tẹ èdìdì ọba mọ́ ìwé yẹn, ọkọ̀ Charles ti wà lójú òkun pẹ̀lú ẹ̀tù àti Bíbélì, ó kọjú sí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́ṣà.

Ìṣákọ́lẹ̀ tí ìwé náà ní kí Philipse máa san fún ọba lọ́dọọdún jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́rin àti sílè méjìlá. Bẹ́ẹ̀ ni, lórí 52,000 éékà. Ìwé náà tún fún un ní àṣẹ láti ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, àti láti yan ẹni tí yóò máa wàásù níbẹ̀. Àwọn tó wá dáko lórí ilẹ̀ yẹn, wọn kò lè ra éékà kan. Wọn á gé igbó, wọn á kọ́ ilé àti abà, wọn á san ìṣákọ́lẹ̀, ilé ọlọ Philipse ni wọ́n á sì gbé àlìkámà wọn lọ. Bí ìjà bá dé láàárín àwọn àti onílẹ̀, ilé ẹjọ́ onílẹ̀ ló súnmọ́ wọn jù. Ọmọ wọn á jogún iṣẹ́, kò ní jogún ilẹ̀.

Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Ní 1697, Adolph gba ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ mìíràn lápá òkè, ilẹ̀ àwọn Wappinger. Nígbà tí Daniel Nimham, olórí àwọn Wappinger, gbé àwọn ajogún ìdílé Philipse lọ síwájú ìgbìmọ̀ gómìnà ní 1765, wọ́n dá a lẹ́bi. Ó wọkọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù lọ bẹ̀bẹ̀. Ilẹ̀ náà kò padà.

Ẹ̀sùn karùn-ún: Ó fi afárá di ojú ọ̀nà

Ìwé àṣẹ 1693 yẹn náà ló fún un lágbára láti kọ́ afárá kan, King's Bridge, láti Manhattan bọ́ sórí ilẹ̀ tó lọ sí Boston, kó sì máa gba owó oníbodè. Tọ́rọ́ ni fún ọkùnrin kan àti ẹṣin rẹ̀, tọ́rọ́ fún màlúù kọ̀ọ̀kan, a ó sì san fún ẹlẹ́dẹ̀ àti àgùntàn pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ogun ọba nìkan ló ń kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbẹ̀ tó fẹ́ da ẹran lọ sọ́jà kò ní ọ̀nà mìíràn tó rọrùn. Ó di ọdún 1759 kí àwọn àgbẹ̀ tó dáwó jọ, tí wọ́n kọ́ afárá tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Philipse, tí wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn láìgba kọ́bọ̀. Ó ju ọgọ́ta ọdún lọ tí ìdílé kan fi ń gba owó lójú ọ̀nà tó yẹ kó jẹ́ ti gbogbo ìlú.

Ẹ̀sùn kẹfà: Ó ń kú lọ, kò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀

Ẹnìkan lè gbé ayé rẹ̀ láìdára, kó sì fi ìhágún rẹ̀ tún díẹ̀ ṣe. Philipse ṣe ìhágún tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1700, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó pín ilẹ̀, ó pín ilé, ó pín ọlọ, ó sì pín ènìyàn. Fún ọmọ ọmọ rẹ̀, Frederick kékeré tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ó fi afárá, ilẹ̀ Yonkers, àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Harry pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Adolph ló gba ilé ọlọ Pocantico, pẹ̀lú Symon, Charles, Samson, Claes, Billy, Mingo, Hendrick àti àwọn mìíràn. Ó tún fún Adolph ní obìnrin ọmọ onílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Hannah, àti ọmọ rẹ̀.

Ẹ dúró lórí Hannah díẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ ti irú àwọn ènìyàn rẹ̀ ni a fi ṣe ogún fún Adolph, a sì fi òun náà kún un. Bàbá àgbà tó ń ronú bí ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò ṣe jẹun lọ́la mọ̀ pé Harry pàápàá ní ọmọ. Ó kọ ọmọ náà sínú ìwé. Ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun ìní.

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí Adolph kú ní 1750 láìní ìyàwó, láìní ọmọ, wọ́n ka àwọn ènìyàn tó wà ní ilé ọlọ náà. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Caesar ló ń tọ́jú ọlọ. Wọ́n fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn New York pé gbàǹjo yóò wà: ọlọ́lọ, ẹni tó ń jọ ìyẹ̀fun, káfíńtà, ẹni tó ń kan àgbá, obìnrin àti ọmọdé. Káfíńtà ni Frederick Philipse nígbà tó dé ilẹ̀ náà. Káfíńtà kan wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé sórí gbàǹjo láti pín ogún ìdílé rẹ̀.

Ohun tí wọn yóò fi gbè é lẹ́yìn

Àwíjàre àkọ́kọ́ ni pé bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn, pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó burú. Irọ́ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 1688, ní Germantown ní Pennsylvania, tí kò jìnnà púpọ̀ sí New York, àwọn ọkùnrin mẹ́rin ará ìjọ Quaker fọwọ́ sí ìwé kan tó tako òwò ẹrú: Francis Daniel Pastorius, Garret Hendericks, àti Derick àti Abraham op den Graeff. Èdè Nẹ́dálándì tí Philipse ń sọ nílé ni àwọn kan nínú wọn náà ń sọ. Wọ́n bèèrè bóyá ẹni tó jí ènìyàn gbé àti ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Wọ́n bèèrè ìyẹn ní ọdún márùn-ún ṣáájú kí Charles tó dé St. Mary. Àwọn tí kò ní ọkọ̀ òkun kankan rí i. Ẹni tó ní ọkọ̀ náà ní ojú láti fi rí i.

Àwíjàre kejì ni pé ilé ẹjọ́ kankan kò dá a lẹ́bi rí. Òótọ́ ni. Ìgbìmọ̀ tí ì bá pè é lẹ́jọ́, òun náà ló jókòó nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ọmọ ejò ni ejò ń gbè. Àìdálẹ́bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ ẹ̀rí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rí ibi tí agbára rẹ̀ dé ni.

Àwíjàre kẹta ni ilé ìjọsìn. A ti sọ ti agogo. Wọ́n sin Philipse sábẹ́ ilé náà, ó sinmi níbẹ̀ dòní.

Ìdájọ́

A mú ẹ̀sùn mẹ́fà wá, a sì fi ẹ̀rí ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́yìn: ọjọ́, ọkọ̀, ìwé àṣẹ, ọ̀rọ̀ aṣojú rẹ̀, lẹ́tà tirẹ̀ àti ìhágún rẹ̀. Frederick Philipse jẹ̀bi òwò ènìyàn. Ó jẹ̀bi gbígba ọjà olè. Ó jẹ̀bi fàyàwọ́ láti orí àga ìjọba. Ó jẹ̀bi bó ṣe fi àìlágbára àwọn onílẹ̀ kó ilẹ̀ wọn jọ, tó sì sọ iṣẹ́ ọwọ́ àgbẹ̀ di èrè tirẹ̀. Ó jẹ̀bi owó ojú ọ̀nà. Ó jẹ̀bi ọmọ Harry àti ọmọ Hannah.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀ràn náà ṣe parí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìgbà ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ní 1779, torí pé Frederick Philipse kẹta, ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀, dúró ti ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ New York gba gbogbo ilẹ̀ náà. Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n tà á, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ra oko tí wọ́n ti ń dá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì san owó gbà-máà-bínú fún ìdílé Philipse nítorí ohun tí wọ́n pàdánù. Oko ẹrú kò parí ní New York títí di ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1827, àwọn tí wọ́n lọ ìyẹ̀fun ní Pocantico kò sì rí éékà kan tàbí kọ́bọ̀ kan gbà.